Ta ló ń kọrin lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn òru orin tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní ìlú Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, ṣé orin náà ò sì ti máa parun?

Ọkùnrin tó gbé ère Ẹ̀fẹ̀ sórí ló ń dá orin náà, àwọn èrò a sì máa gbè é. Ìyáńlá, òrìṣà tí í ṣe ìyá àgbà, àti àwọn ìyá wa, ìyẹn àwọn àgbà obìnrin tó ní agbára àwámáridìí, ló kọ́kọ́ máa ń júbà fún. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kọjú sí ìlú: á yin ẹni tó ṣe dáadáa, á sì fi oníwà ìbàjẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo ayé. Apá yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù.

Kò tíì parun. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá aráyé láti 2001, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ orin Ẹ̀fẹ̀, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó ti àgbà ọ̀jẹ̀ kó tó lè mọ̀ ọ́n.