Fìlà tó wà lára owó Brutus

Ìbéèrè: Mo rí àwòrán owó ẹyọ Róòmù kan: fìlà kan láàárín idà kúkúrú méjì. Kí ni fìlà ń wá níbẹ̀?

Ìdáhùn: Fìlà ẹni tó bọ́ lóko ẹrú ni. Pilleus lorúkọ rẹ̀. Irun àgùntàn tí wọ́n lù mọ́ra ni wọ́n fi ń ṣe é, kò létí, ó rí roboto bí ìdajì ẹyin.

Bí olówó ẹrú bá fẹ́ dá a sílẹ̀ lójú ayé ara rẹ̀, yóò mú un lọ síwájú adájọ́ àgbà. Ẹlòmíràn á fi ọ̀pá kan ẹrú náà lára, á ní ẹni òmìnira ni. Olówó rẹ̀ kò ní jiyàn, adájọ́ á sì fọwọ́ sí i. Ìjọba á gba ìdá kan nínú ogún iye owó ẹrú náà. Wọ́n á fá orí rẹ̀, á wá dé pilleus.

Inú ìwé ìpíngún ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Láti ọdún 2 ṣáájú Kristi, ẹni tó ní ẹrú 100 kò lè tipa ìwé náà dá ju 25 lọ sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọ “gbogbo ẹrú mi”, òfìfo ló kọ.

Ibi tí Róòmù ti rúni lójú nìyí. Ní Áténì, àlejò lásán ni ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ máa ń jẹ́. Ní Róòmù, ìlú tó ń kó ẹrú bí ẹní kó ọkà, bí wọ́n bá dá a sílẹ̀ bí òfin ṣe là á, ọmọ ìlú ló dà, orúkọ olówó rẹ̀ ló sì máa jẹ́: Tiro, akọ̀wé Marcus Tullius Cicero, olóṣèlú Róòmù, di Marcus Tullius Tiro. Síbẹ̀ kò lè du ipò, kò sì lè pe olówó àtijọ́ lẹ́jọ́ láìgbàṣẹ. Ọmọ rẹ̀ ni ọ̀nà là fún. Ẹrú ni bàbá akéwì Horace rí, àmọ́ Horace di ọ̀gágun lábẹ́ Brutus.

Brutus yìí ló ni owó tí ẹ rí. Lẹ́yìn tí òun àti àwọn ọlọ́lá mìíràn pa Julius Caesar, aláṣẹ Róòmù, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 44 ṣáájú Kristi, ó tẹ fìlà ẹrú sára owó, bí ẹni pé àwọn ọlọ́lá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú àjàgà. Àwọn ẹrú tiwọn ṣì wà nílé. Orí ara rẹ̀ ló sì yà sí ojú kejì owó náà, ohun kan náà tí Caesar ṣe.

Ẹ má fi wé fìlà pupa àwọn ọlọ̀tẹ̀ Faransé o. Ṣóńṣó tìyẹn tẹ̀ síwájú. Ti pilleus kò tẹ̀.