Ìbéèrè Yín: Trumpet Ọ̀fẹ́ Tó Ń Dún Bí Ìró Fóònù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. FL Studio, ètò orí kọ̀ǹpútà fún orin ṣíṣe, ni mo fi ń ṣe orin ìyìn. Mo gba BBC Symphony Orchestra Discover, plugin (àfikún tí à ń kì bọnú FL Studio) tó ní ohùn àwọn ohun èlò orin, torí pé ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ trumpet àti violin inú rẹ̀ ń dún bí ìró fóònù àtijọ́. Wọ́n ní àfi kí n ra èyí tó lówó lórí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Olórin kan, Òṣogbo

Èsì: Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má tíì ná owó yín. Ẹgbẹ́ olórin BBC fúnra wọn ló wà nínú Discover, ní Maida Vale ní London ni wọ́n sì ti gba ohùn wọn sílẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n dín in kù kó lè fúyẹ́, àmọ́ ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé ọwọ́ dùùrù la fi ń tẹ trumpet.

Ẹ wo kọ́ọ̀dù yín ná. Trumpet kan kì í fọn ju nóòtì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohùn tí ẹ mú bá jẹ́ ti afọnfèrè méjì tó ń fọn pọ̀, tí ẹ wá fi ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́, èèyàn mẹ́fà lẹ kó wọlé yẹn. Ẹ tú kọ́ọ̀dù náà: kí trumpet mú nóòtì òkè, kí horn àti trombone pín ìyókù. Kí wọ́n sì ráyè mí! Ta ní lè fọn bar (ìpín ìlù) mẹ́jọ láìmí? Trumpet kì í sábà wálẹ̀ ju nóòtì MIDI 52 lọ (MIDI ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ nóòtì), 55 sì ni violin ń dúró sí. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa wò, torí C5 ni FL Studio ń pe 60, tí ọ̀pọ̀ ìwé orin ń pè ní C4.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni CC1, bọ́tìnnì ìdarí MIDI tí plugin náà pè ní Dynamics. Lórí nóòtì gígùn, velocity (bí a ṣe tẹ nóòtì le tó) kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. CC1 ló ń mú ohùn le tàbí rọ̀. Bí ó bá dúró sójú kan, ohùn á kú. Ẹ fọwọ́ sún Dynamics, kí ẹ lọ sí Tools, Last tweaked, Create automation clip (ìlà tó ń yí Dynamics fúnra rẹ̀ bí orin ṣe ń lọ), kí ẹ wá fà á láti bíi 40 gòkè dé 90, kó tún rọra sọ̀ kalẹ̀ bí gbólóhùn orin bá ń parí. Nóòtì kúkúrú ló ń gbọ́ ti velocity. Èyí tí ẹ bá fi mouse yà, 100 ni gbogbo wọn máa ń jẹ́ bí ẹ kò bá yí i padà, ìyẹn ló ń mú wọn dún tà-tà-tà bí ìbọn. Ẹ pín wọn láàárín 65 sí 110.

Violin gígùn máa ń pẹ́ kí ó tó dún dáadáa. Ẹ sún un sápá òsì, kó ṣáájú àkókò rẹ̀ ní bíi mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 60. Ní 120 BPM (ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan), ìdajì ìṣísẹ̀ 1/16 nìyẹn. Ẹ má da reverb (ìró gbọ̀ngàn) bò ó o, gbọ̀ngàn ti wà nínú ohùn náà tẹ́lẹ̀.

Bí ìjọ yín bá ní ẹnì kan ṣoṣo tó ń fọn trumpet, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lé ti trumpet òkè. Etí á gba ìyókù gbọ́.

Ìbéèrè: RAM 4GB ni láptọ́ọ̀pù mi ní. Bí mo bá kó plugin márùn-ún jọ, ohùn á máa já, á máa ta pá-pá. — Ìbàdàn

Èsì: Ẹ mú FL Studio ASIO, awakọ̀ ohùn tó wà nínú FL Studio. Bí ẹ bá ń fọwọ́ tẹ kíbọ́ọ̀dù, buffer (ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde) 256 tó. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbé e dé 1024. Ní 44.1 kHz, ìyẹn máa ń dá ohùn dúró bíi mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 23, kò sì dí àdàlù orin lọ́wọ́. Èyí tí ẹ bá ti parí, ẹ sọ ọ́ di WAV (fáìlì ohùn lásán), kí ẹ yọ plugin rẹ̀ kúrò kí RAM lè sinmi. Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ mìíràn pa iṣẹ́ náà mọ́ o, nítorí WAV kì í jẹ́ kí èèyàn padà lọ yí nóòtì.