Ta ló máa gun másìtì?

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti parí ND iṣẹ́ iná mànàmáná ní Poly Ìbàdàn, o ṣe SIWES (ìkọ́ṣẹ́ ọmọ ilé ìwé) ní ilé iṣẹ́ rédíò kan, o sì gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ bàbá rẹ kan ní kí o má fi ìgbà èwe rẹ ṣòfò, pé AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà) máa gba iṣẹ́ náà, kí o yáa lọ kọ́ coding, ìyẹn kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. O ń bi àwa tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ bóyá òótọ́ ni.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló wà nílé iṣẹ́ rédíò tí gbogbo èèyàn ń pè ní technician: ti ẹni tó jókòó sí sítúdíò tó ń tẹ bọ́tìnnì, àti ti ẹni tó ń tọ́jú transmitter (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́) àti másìtì, òpó gíga tí eríàlì wà lórí ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí bàbá yẹn máa bẹ̀rù fún.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ AI rárá ni iṣẹ́ bọ́tìnnì ti ń kú lọ. Nígbà tí èmi wọlé, kásẹ́ẹ̀tì àti CD la fi ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í mọ́jú, kí orin má baà tán kí afẹ́fẹ́ dákẹ́ lọ gbári. Kọ̀ǹpútà wá dé pẹ̀lú sọ́fítíwíà tó ń to orin àti ìpolówó tẹ̀ léra wọn. Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn ò lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, wọ́n á jẹ́ kó lọ, wọn ò sì ní fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀. Nígbà tó yá, ọlọ́dẹ nìkan ló ń sun ibẹ̀ mọ́jú. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Agodi níbí ní Ìbàdàn lóṣù kẹwàá ọdún 1959, fíìmù ni wọ́n fi ń ya ìròyìn, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fọ fíìmù lọ. Tépù fídíò dé, iṣẹ́ ìfọfíìmù tán. Ẹni tó bá ń sọ fún ọ pé ẹ̀rọ tuntun kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ń tàn ọ́ ni.

AI ti ń ṣe èyí tó kù ní sítúdíò báyìí. Ó ń yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú ohùn, ó ń gé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn sí wẹ́wẹ́ fún Facebook, ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní ti Yorùbá, ó ṣì ń kà á bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìwó Road, àmọ́ má gbára lé ìyẹn, ó ń kọ́ ọ lọ ni. Ní Poland, lóṣù kẹwàá ọdún 2024, OFF Radio Kraków fi ohùn AI rọ́pò àwọn atọ́kùn ètò tí wọ́n ti dá dúró. Wọ́n tiẹ̀ ní AI fọ̀rọ̀ wá Wisława Szymborska lẹ́nu wò, akéwì tó ti kú láti ọdún 2012! Àwọn èèyàn fárígá, wọ́n sì gbé ètò náà tì láìpẹ́. Ṣùgbọ́n wo àwọn tó fara gbá a: atọ́kùn ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó fi AI rọ́pò ẹni tó ń rí i pé ohùn náà jáde.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ kejì yẹn jọ fún ọ. Ilé iṣẹ́ kan pè mí nígbà òjò: bí òjò bá ti rọ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ ò ní gbọ́ wọn mọ́, bí oòrùn bá yọ, wọ́n á tún máa gbọ́. Mo dé ìdí transmitter, mo wo ojú ẹ̀. Agbára tó ń jáde ti wálẹ̀, èyí tó ń padà bọ̀ láti òkè ti pọ̀ sí i. Ó yẹ kí agbára tí transmitter bá tì sínú wáyà gba eríàlì jáde sí afẹ́fẹ́. Bí nǹkan bá dí i lọ́nà, apá kan á ṣẹ́rí padà, bí ìyẹn bá sì pọ̀ jù, ẹ̀rọ á fúnra ẹ̀ dín agbára kù kí transistor inú ẹ̀ má baà jó. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi yọ fóònù, ó bi AI. Ká sòótọ́, ìdáhùn ẹ̀ dáa. Ó dárúkọ omi nínú connector (ibi tí wáyà ti so mọ́ eríàlì), wáyà tó ti bó, eríàlì tí àrá ti bà jẹ́. Èmi náà ì bá má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá ku ẹni tó máa gun másìtì. A pe rigger, ẹni tó ń fi gígun másìtì ṣiṣẹ́ ṣe, ó de bẹ́líìtì, ó gòkè (èmi kì í gùn ún mọ́, orúnkún ò gbà), ó tú connector tó wà nísàlẹ̀ eríàlì, omi dà jáde. A pààrọ̀ ẹ̀, a fi rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ra wé e yíká, Ọ̀yọ́ ń gbọ́ wọn padà.

Àrá tún wà níbẹ̀. Orí òkè làwa ará Ìbàdàn fẹ́ràn láti gbé másìtì sí, ibẹ̀ náà ni àrá mọ̀ jù. Wáyà bàbà tí a rì mọ́lẹ̀ kó lè gbé àrá wọlẹ̀, àwọn olè ń hú u tà. Ojú èèyàn ló ń rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́, kí òjò tó dé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí yàtọ̀ sí èyí tí bàbá yẹn sọ. Transmitter tuntun ń gba íntánẹ́ẹ̀tì sọ àìsàn ara ẹ̀, nítorí náà ẹnì kan lè máa fi fóònù ṣọ́ ti ilé iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Owó oṣù ń di owó àgbàṣe. Ó dáa fún irú èmi tí wọ́n ti mọ̀, kò dáa fún ọmọ tó ń wá ibi tó máa ti kọ́ṣẹ́. Owó iná sì tún ń jẹ owó tí wọn ì bá fi gba èèyàn. Ṣírò ẹ̀ wò: transmitter FM tó ń gbé kílówáàtì 5 jáde lè máa fa bíi kílówáàtì 7.5 láti ara iná. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 18, yúníìtì iná (kWh) 135 ni lóòjọ́. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná Band A (àwọn tí wọ́n ń fún ní iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́) lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ní iye ìgbà yẹn, ìyẹn ju ₦30,000 lọ lóòjọ́ kan, láìtíì tan ẹ̀rọ amúlétutù, láìtíì ra dísẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ tí iná bá lọ. Ọ̀gá tó ń san irú owó yìí á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba technician kejì. Ṣùgbọ́n bí o bá lè fi hàn án bí owó yẹn ṣe máa dín kù, ó máa gbọ́ tìrẹ.

Nítorí náà, lọ ṣe HND rẹ. Kọ́ nípa transmitter, kọ́ inverter, bátìrì àti sólà mọ́ ọn. Kọ́ nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà dáadáa, torí orí ẹ̀ ni ohùn àti àwòrán ń gbà báyìí: láti ọdún 2013 ni ìlànà AES67 ti wà fún ohùn, ST 2110 fún tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ lé e lọ́dún 2017. Ìmọ̀ yìí kan náà ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn oníṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ń wá fún ìsìn àti ayẹyẹ tí wọ́n ń gbé sórí YouTube, wọ́n sì máa ń sanwó kíá ju ilé iṣẹ́ rédíò lọ. Coding náà ò burú. Kọ́ Python (èdè coding kan) díẹ̀, kí o lè máa fi ka àkọsílẹ̀ tí transmitter ń ṣe.

Bí ibi tí o ti ṣe SIWES bá ní kí o padà wá, má gba sítúdíò. Sọ fún wọn pé ìdí transmitter lo fẹ́ wà. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, béèrè ẹni tó ń bá wọn tún un ṣe, kí o lọ bá a, kí o ní o fẹ́ máa bá a gbé irinṣẹ́.