Bí Olùkọ́ Òkè-Òkun Bá Fẹ́ Wá Bá Yín Kọ́mọ

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá-àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Nàìjíríà ni mí. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Jámánì kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ bá wa ṣe pàṣípààrọ̀ olùkọ́. Méjì nínú wọn yóò wá lo ọ̀sẹ̀ 3 lọ́dọ̀ wa ní oṣù keje, méjì nínú tiwa yóò sì lọ lo ọ̀sẹ̀ 2 lọ́dọ̀ wọn. Yorùbá ni àwọn ọmọ wa ń sọ nílé. Kíláàsì wa kún, òmíràn ju ọmọ 70 lọ, iná kì í dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti dé kíláàsì kẹrin kò sì lè ka ìpínrọ̀ kan tán. Inú àwọn olùkọ́ dùn, àwọn òbí náà ń retí wọn. Àmọ́ mo ti rí ilé-ìwé tí àlejò wá, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n pín báírò, tí wọ́n lọ, tí nǹkan kan ò yí padà. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ọ̀gá wa. Ẹ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má gbà wọ́n ní oṣù keje. Ìsinmi ìgbà ooru ilé-ìwé Jámánì, tó jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, máa ń bọ́ sí àárín ìparí oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú oṣù keje. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdánwò ìgbéga ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Bí ìdánwò bá ti parí, olùkọ́ dojú kọ máàkì, àwọn ọmọ ń ṣeré, ilé-ìwé ń palẹ̀ mọ́. Àlejò tó bá dé lásìkò yẹn kò ní bá ẹ̀kọ́ kankan lórí bọ́ọ̀dù. Wọn a kun ògiri lọ́dà, wọn a bá àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù, wọn a padà sílé. Èèyàn rere ni wọ́n, ìgbà ni kò bá iṣẹ́ mu. Ẹ bi wọ́n nípa ìsinmi wọn ti oṣù kẹwàá, tí wọ́n ń pè ní Herbstferien. Ọ̀sẹ̀ 1 tàbí 2 ló máa ń jẹ́, táàmù kìn-ín-ní yín yóò sì ti rinlẹ̀ dáadáa nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ 2 ní oṣù kẹwàá sàn ju ọ̀sẹ̀ 3 ní oṣù keje lọ. Olùkọ́ wọn tó ti fẹ̀yìn tì pàápàá dára, torí kò sí ìsinmi tó ń lé e.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kó yé wọn pé olùkọ́ yín ni wọ́n ń bọ̀ wá bá, kì í ṣe àwọn ọmọ. Àlejò tó gba ẹfun lọ́wọ́ olùkọ́ fún ọjọ́ 10, ní ọjọ́ kọkànlá ni kíláàsì náà yóò ti padà sí bó ṣe wà, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ kò kan ohun tuntun kankan. Ẹni tó fẹ́ dá kíláàsì kọ́ nílẹ̀ àjèjì, ọdún ló nílò. Àwọn Peace Corps, ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí àwọn àkọ́kọ́ wọn gúnlẹ̀ sí Ghana ní 1961 láti ṣiṣẹ́ olùkọ́, oṣù 27 ni wọ́n ń lò, nǹkan bí oṣù 3 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti kíkọ́ èdè àti iṣẹ́. Technical Aid Corps tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1987, tó ń rán olùkọ́ àti dókítà wa lọ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, Caribbean àti Pacific, ọdún 2 ni àdéhùn tiwọn. Ọ̀sẹ̀ 2 kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe, tó sì wúlò gidigidi, ni pé kí olùkọ́ méjì tó mọ iṣẹ́ wọn jókòó ti ìṣòro kan ṣoṣo.

Ẹ ti dárúkọ ìṣòro náà fúnra yín: ìwé kíkà. Ẹ má fi ìṣirò, kọ̀ǹpútà àti ìmọ́tótó kún un. Kí àlejò tó dé, ẹ wọn ìṣòro náà. Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ kọ lẹ́tà 10 sí i, ọ̀rọ̀ kúkúrú 10, ìpínrọ̀ gbólóhùn 4, àti ìtàn kékeré gbólóhùn 8 tàbí 10, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò wá lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tí àwọn yòókù kò ti lè gbọ́. Yóò mú 5 kà nínú lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀. Bí ó bá gba 4, ó mọ̀ ọ́n. Ibi gíga jù lọ tó lè kà dé ni ẹ ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Àjọ Pratham ní India ti ń fi irú ìwé yìí yẹ àwọn ọmọ wò láti 2005, àjọ Uwezo sì ti lo irú rẹ̀ ní Kenya, Tanzania àti Uganda. Ìṣẹ́jú 5 tó fún ọmọ kan, nítorí náà olùkọ́ méjì lè yẹ ọmọ 70 wò ní nǹkan bí wákàtí 3. Ẹ fi iye àwọn tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí Jámánì, ẹ má fi orúkọ ọmọ kankan ránṣẹ́. Àwọn náà yóò lè múra sílẹ̀ fún ohun tó wà nílẹ̀ gan-an.

Ìwọ̀n yẹn náà ló ń tọ́ka sí iṣẹ́ tí ẹ ó jọ ṣe. Fún wákàtí 1 lójúmọ́, ẹ pín àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n kà dé. Ẹ má wo kíláàsì tí wọ́n wà. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tó ṣì ń wá lẹ́tà yóò jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń wá lẹ́tà. Pratham ló tún gbé ètò yìí kalẹ̀, Zambia sì ń lò ó nínú ilé-ìwé ìjọba rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Catch Up. Ọmọ ńlá lè tijú láti bá kékeré jókòó. Bí ẹ bá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹyẹ tàbí igi dípò nọ́ńbà, ìtìjú náà yóò dín kù.

Báyìí ni kí ẹ to ọjọ́ iṣẹ́ 10 náà. Ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, àlejò kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Yóò jókòó sẹ́yìn, yóò wo bí olùkọ́ yín ṣe ń pàṣẹ fún ọmọ 70 láìpariwo, yóò sì kọ́ orúkọ àwọn ọmọ. Ẹ fi èyí sínú ìwé àdéhùn, torí ara olùkọ́ máa ń yá, á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹta, àwọn méjèèjì yóò jọ kọ nóòtì ìkọ́ni kan. Láti ọjọ́ kẹrin, olùkọ́ yín ni yóò máa kọ́ ẹ̀kọ́ náà, àlejò yóò sì mú ẹgbẹ́ kan tí kò ju ọmọ 15 lọ, pẹ̀lú olùkọ́ tàbí òbí tó lè ṣe ògbufọ̀. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn ilé-ìwé, wọn yóò fi ìṣẹ́jú 30 bi ara wọn: ọmọ wo ni kò lanu lónìí? Níbo ni ẹ̀kọ́ ti wọ́? Wọn yóò tún nóòtì náà ṣe, wọn yóò sì tún un kọ́ fún ẹgbẹ́ mìíràn lọ́jọ́ kejì. Àtúnṣe yìí gan-an ni ọkàn gbogbo ètò náà. Ọjọ́ 2 tó kẹ́yìn, kí àlejò padà sí ẹ̀yìn kíláàsì, kí olùkọ́ yín dá a ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kò ṣòro láti rí. Kíláàsì kan kò ní olùkọ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá-àgbà sì wò ó pé òyìnbó ti wà nínú kíláàsì kẹrin, ó pe olùkọ́ kíláàsì kẹrin kó lọ mójútó ibi tó ṣófo. Ọjọ́ yẹn ni pàṣípààrọ̀ parí, àlejò ti di olùkọ́ ẹ̀yáwó. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má ṣe é, kódà bí ọwọ́ bá há. Ẹ pa kíláàsì méjì pọ̀ dípò bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ya fọ́tò kíláàsì yín nígbà tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀, kí ẹ ka bẹ́ńṣì, kí ẹ wọn ìbú àti gígùn yàrá, kí ẹ fi ránṣẹ́. Olùkọ́ Jámánì tó ń kọ́ ọmọ 24 máa ń gbé eré tó nílò káàdì, síkọ́sì àti gọ́ọ̀mù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan wá. Láàárín ọmọ 70 lórí bẹ́ńṣì ẹlẹ́ni-mẹ́rin, pípín nǹkan wọ̀nyẹn nìkan ló ń jẹ ìdajì ẹ̀kọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni síléètì kan fún ọmọ méjì, ìwé kíkà kan fún bẹ́ńṣì kan, lẹ́tà tí a fi ẹfun kọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ọmọ ń fò lé, àti ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń kà fún ẹnìkejì rẹ̀.

Ní ti èdè, kí àlejò má ka Yorùbá fún àwọn ọmọ. Ẹni tí kò mọ ohùn yóò da ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ pọ̀, ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ yóò sì gbà á gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to eré, láti wo aago, láti gbọ́ ọmọ tó ń dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dábàá pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà nítorí àlejò, ẹ má gbà. Iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìwé àṣẹ: SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìpínlẹ̀ yín, ló ni ilé-ìwé àti olùkọ́, nítorí náà ẹ gba lẹ́tà wọn kí ẹ tó fèsì tó dájú, kí ẹ gba tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ìwọ̀lú ti arìnrìn-àjò afẹ́ kì í ṣe ìwé iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ sówó níbẹ̀. Kí àwọn àlejò ṣàlàyé iṣẹ́ wọn bó ṣe jẹ́ fún ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà, kí wọ́n sì gba irú físà tó bá a mu. Yẹ́lò káàdì tó ń fi hàn pé wọ́n gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò ní agbára àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí a gún un. Ó wá di ti ayé ẹni lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n nílò oògùn ìdènà ibà pẹ̀lú, dókítà wọn ni yóò yan èyí tó bá ara wọn mu.

Lórí ààbò ọmọ, ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ń ṣe àìmoore. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń bọ̀ mú ìwé tí Jámánì ń fún ẹni tó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́, tó ń fi hàn bóyá ilé-ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ọ̀ràn rí, erweitertes Führungszeugnis lorúkọ rẹ̀. Àwọn fúnra wọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí àgbà kankan má wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tí ojú kò tó. Kí fọ́tò ojú ọmọ má bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí buwọ́ lùwé. Kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ lówó lọ́wọ́.

Ó wá kan àwọn tiyín tó ń lọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ ìwé kíkà lójoojúmọ́ ni kó lọ. Àwa kò gbà pé kí ọ̀gá-àgbà lọ ní ìrìn-àjò àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí SUBEB fọwọ́ sí ìsinmi iṣẹ́ wọn, nítorí àìsí níbi iṣẹ́ láìgbàṣẹ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí SUBEB sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò ní gbé àwọn méjèèjì kúrò ní ilé-ìwé yín fún ọdún 2. Ohun tó ń pa àǹfààní pàṣípààrọ̀ jù lọ ní ilé-ìwé ìjọba nìyí: olùkọ́ dé láti ìrìn-àjò, táàmù tó tẹ̀lé e, tiransifáà dé.

Fún físà Schengen, tí Jámánì àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù jọ ń lò, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í tètè sí. Pásípọ̀ọ̀tù gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀ àti ojú-ewé 2 tó ṣófo. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90. Ìwé adójútòfò ìlera gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Bí ilé-ìwé Jámánì bá ń gbé ìnáwó, kí ẹni tó ń gbà wọ́n lálejò lọ buwọ́ lu Verpflichtungserklärung ní ọ́fíìsì ìjọba wọn, ìyẹn ìwé pé òun yóò dáhùn fún ìnáwó àlejò. Bí ó ti wù kí ìwé pé tó, wọ́n lè kọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn ohun tí ẹ ó fi owó náà ṣe bí físà bá kọ̀. Èrò tiwa ni kí ẹ rán àwọn olùkọ́ náà lọ sí ilé-ìwé kan ní Ghana tàbí Benin tó ti yanjú irú ìṣòro yín. Olùkọ́ tó ti borí kíláàsì ọmọ 70 lè kọ́ yín ní ohun tí ẹni tó ní ọmọ 24 kò lè kọ́ yín.

Lórí owó, ìbéèrè kan wà fún wọn: ṣé wọ́n ti kàn sí ètò ENSA ti àjọ Engagement Global ní Jámánì, tó ń ran àjọṣe ilé-ìwé Jámánì àti ti ilẹ̀ bíi tiwa lọ́wọ́? Oúnjẹ, ibùsùn àti ọkọ̀ àlejò kò gbọdọ̀ ti àpò àwọn òbí jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà wá, ẹ sọ bí iná yín ṣe rí fún wọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó ẹrù náà tẹ ìwé ìtàn Yorùbá kéékèèké níbí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, kí olùkọ́ méjèèjì máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ẹ tún yẹ àwọn ọmọ wò pẹ̀lú ìwé tuntun tó le bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ má lo ọ̀rọ̀ kan náà, torí wọ́n á ti há a sórí. Iye tó bá jáde ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ì báà kéré. Bí ẹgbẹ́ lẹ́tà kò bá sún rárá, ẹ kọ́kọ́ wo rẹ́jísítà: ọmọ tó ń pa ọjọ́ 2 jẹ lọ́sẹ̀ kò tíì gba ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wọ̀n.