Ẹ Bi Ìyá Oníwèé: Ìwé Aláwọ̀ Dúdú Wo Ni Kí N Kà?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta yìí jọra wọn, ni mo bá mú wọn pọ̀.

*Ìyá Oníwèé, ẹ kú iṣẹ́. Télọ̀ ni mí ní Ebute-Mẹ́ta. Láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, n kò ka ìwé ìtàn mọ́. Fíìmù ọlọ́pàá àti olè ni mo fẹ́ràn. Ọmọ mi obìnrin ní kí n máa ka ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú, ó wá kó ìwé oko ẹrú jọ fún mi. Mo ka díẹ̀, mo sunkún, mo pa á dé. Ṣé ìyà nìkan la mọ̀ ọ́n kọ ni?*

Ìyá wa, ẹ gbé ìwé oko ẹrú yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kò ní sá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọlọ́pàá àti olè, ọlọ́pàá àti olè ni kí wọ́n gbé fún un. Ẹ wá *Àjà Ló Lẹrù* tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn níbẹ̀. Yorùbá inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ ó máa kà á sókè fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Tí ẹ bá parí rẹ̀, *Àgbàlagbà Akàn* ló kàn. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ *Owó Ẹ̀jẹ̀* àti òmíràn, àmọ́ lójú tèmi, bí àwọn jàgùdà ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an, Òkédìjí ló fi etí gbọ́ ọ.

Tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá ni yín lára, ẹ ra *My Sister, the Serial Killer* ti Oyinkan Braithwaite, 2018. Èkó níhìn-ín ló ti ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Korede. Ayoola àbúrò rẹ̀ rẹwà, àmọ́ ó máa ń pa àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, Korede ni yóò sì gbé blíìṣì wá fọ ẹ̀jẹ̀ nù. Orí Third Mainland Bridge tí gbogbo wa ń gbà yìí ni wọ́n ti ju òkú ọ̀kan sínú ọ̀sà! Orí kọ̀ọ̀kan kò gùn. Kí áyọ́ọ̀nù yín tó gbóná, ẹ ti ka kan tán. Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? *Devil in a Blue Dress* ti Walter Mosley. Ẹ lè ti rí fíìmù rẹ̀ tí Denzel Washington ṣe ní 1995.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mọ̀mí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Akoka. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní òyìnbó nìkan ló ń kọ ìtàn àwọn ẹ̀dá tó ti ojú ọ̀run wá. Ṣé òótọ́ ni?*

Irọ́ ni, ọmọ mi. Nínú *Lagoon* tí Nnedi Okorafor kọ ní 2014, Bar Beach ni irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ti jáde. O lè má bá Bar Beach: ibi tí wọ́n kọ́ Eko Atlantic sí lónìí ni, níbi tí a ti máa ń gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún. Lẹ́yìn náà, ka *Kindred* ti Octavia Butler, 1979. Òòyì á kọ́ obìnrin dúdú kan ní California, yóò sì bá ara rẹ̀ ní Maryland láyé oko ẹrú. (Ìyá wa télọ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan èyí o.) Fágúnwà? Tí olùkọ́ bá ti fi ìdánwò ba *Ògbójú Ọdẹ* jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, tún un kà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ léèrè.

*Ìyá Oníwèé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àròsọ kò wù mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kà.*

Bàbá mi, ẹ̀mí yín á gùn. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. 1921 ló tó jáde, òun náà sì ti kú.

*Barracoon* ti Zora Neale Hurston tẹ̀lé e. Ní 1927 ló lọ bá Kossola ní Alabama, ọ̀kan lára àwọn tí ọkọ̀ akẹ́rú Clotilda kó lọ ní 1860. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé wọtamẹ́lọ̀n ni wọ́n jọ jẹ, kò bá a sọ̀rọ̀ kankan. Àwọn atẹ̀wé fẹ́ kí ó yí bí bàbá náà ṣe ń sọ̀rọ̀ padà, Hurston kọ̀, ìwé náà kò jáde títí di 2018.

Àròsọ kan ṣoṣo ni n óò fi jìbìtì kó wọlé fún yín: Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Láti 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* ń gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde, tó ń jẹ́wọ́ gbogbo ọkùnrin tó ti fẹ́ káàkiri Èkó. Àwọn ará Èkó gbà pé èèyàn gidi ni, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí i. Olóòtú, I. B. Thomas, ló ń kọ gbogbo rẹ̀! Ẹ̀dà tí Karin Barber ṣe ní 2012 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì papọ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí Màmá bá a lábẹ́ ìrọ̀rí yín.