Kí ló dé tá a fi ń sọ "sórì" fún ẹni tá ò ṣẹ̀?

Ẹnì kan bèèrè pé àbúrò òun tó wà lókè òkun sọ "sórì" fún òyìnbó kan níbi iṣẹ́ tí ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, òyìnbó yẹn sì ní kì í kúkú ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ó wá ní ṣé àṣìṣe ni gẹ̀ẹ́sì tiwa ni.

Èmi ò gbà pé àṣìṣe ni o. Pẹ̀lẹ́ ló ti wà lẹ́nu wa ká tó mọ sórì rárá, iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ la sì gbé fún un. Ẹ lọ sọ́jà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́jọ́ tójò bá rọ̀, kí ìyá kan yọ̀ ṣubú pẹ̀lú igbá tòmátì lórí, ẹ máa gbọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì, "ẹ pẹ̀lẹ́ mà", "sórì mà", "ẹ kú ewu o", àwọn tó wà nísọ̀ òdìkejì gan-an á ké e, ọmọ kan á ti bẹ̀rẹ̀ tí á máa bá wọn ṣa tòmátì. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ àforíjì níbẹ̀. Wọ́n ń sọ fún un pé àwọn rí i pé ó dùn ún ni. Tó o bá rí i tó o dákẹ́ tó o kọjá lọ, wọ́n á ní ọmọ ta nìyẹn.

Ìtàn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an gbè wá lẹ́yìn. Nínú gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sārig ni wọ́n ń pè é, òun àti sore, ìyẹn egbò tàbí ibi tó ń dunni, ló jọ tan (ọ̀pọ̀ rò pé sorrow ló bí i, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, orísun wọn yàtọ̀). Ẹni tí nǹkan ń dùn ló ń tọ́ka sí tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá di ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn òyìnbó náà ṣì ń sọ ọ́ fẹ́ni téèyàn ẹ̀ kú, ṣé àwọn ni wọ́n pa á ni? Kí àbúrò yín máa sọ ọ́ lọ jàre.

Ibi tí inú ti ń bí mi ni ká máa fi sórì nìkan bẹ àgbà tá a ṣẹ̀. Ọmọ tẹ bàbá lẹ́sẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ojú ẹ̀ ṣì wà nínú fóònù, ó ní "sórì sà". Wọ́n á bi í pé sórì wo! "Ẹ má bínú sà" ló yẹ kó sọ, kó sì dọ̀bálẹ̀, tó bá jẹ́ obìnrin kó kúnlẹ̀, torí pẹ̀lẹ́ lásán ò tó ẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ti ọ̀fọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tí òbí ẹ̀ dàgbà dàgbà kó tó lọ, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" la máa ń kí i, tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló lọ, ohùn á yí padà, a ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀. Sórì ò mọ̀yàtọ̀ méjèèjì, torí náà nílé olóyè tàbí nílé ọ̀rẹ́, tẹ́ ẹ bá ti débi òkú, ẹ fi Yorùbá kí wọn.