Ọdẹ Tí Ètè Rẹ̀ Gbẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Lábù. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn sọ pé bí jẹjẹrẹ ṣe ń dàgbà lára eku, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ara eku náà ń rọ. Tí ọ̀tá bá pọ̀ sí i, ṣé kò yẹ kí wọ́n túbọ̀ jà ni?
— Ìyá Ìbejì, Òjé

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ọmọ yín ò purọ́. Ohun tí ẹ rò yìí lèmi náà rò nígbà tí mo kọ́kọ́ ń tọ́jú eku ní lábù, tó jẹ́ pé èérún pákó láti Bódìjà la fi ń tẹ́ ibùsùn fún wọn. (Òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi.)

Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sábẹ́ awọ eku. Kókó á yọ, wọ́n á máa wọ̀n ọ́n bó ṣe ń tóbi. Tó bá yá, wọ́n á ṣí kókó náà, wọ́n á ṣa sẹ́ẹ̀lì T inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun tó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́, wọ́n á wá kó o pàdé jẹjẹrẹ nínú àwo kékeré. Èyí tó wá látinú kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ṣì lè jà. Èyí tó ti pẹ́ nínú kókó ńlá ńkọ́? Kò kú, kò sì sá. Ó kàn jókòó ni.

Ẹ wo ọdẹ àdúgbò. Tí olè bá wá lẹ́ẹ̀kan, á fọn fèrè, á lé e. Tó bá wá ń fọn ọ́n lálaalẹ́, tí olè ò lọ, ètè rẹ̀ á gbẹ. Jẹjẹrẹ tún burú ju olè yẹn lọ: ṣúgà tí ọdẹ fẹ́ fi lágbára ló ń jẹ, ó sì ń da omi kíkan sáyìíká. Sẹ́ẹ̀lì T tún ní bíréèkì kan lára, PD-1, tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ kó má baà bá ara wa fúnra rẹ̀ jà. Jẹjẹrẹ mọ bíréèkì náà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lábù Tasuku Honjo ní Jàpáànù ló rí PD-1 lọ́dún 1992. Lọ́dún 1996, James Allison àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn lára eku pé tí wọ́n bá tú bíréèkì mìíràn, CTLA-4, ara á lè lé kókó náà. Honjo àti Allison jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018. Oògùn tó ń tú irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ ti wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ló ń gbọ́ ọ, owó rẹ̀ sì ga. Nígbà mìíràn, ọdẹ tí wọ́n tú sílẹ̀ á kọjú kùmọ̀ sí onílé: ìfun, ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó máa kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí kókó sílẹ̀ dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì pẹ́ tó ti rẹ̀ ṣì lè sọjí tí wọ́n bá tú bíréèkì; èyí tó ti pẹ́ jù níbẹ̀, wọ́n á tú u, kò ní dìde.